Ìfófó Ọjọ́ Ẹtì

Ẹja mẹ́ta ló léfòó ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, ikùn wọn kọjú sókè, ìfófó funfun sì yí wọn ká. Dókítà eyín dúró níwájú àpótí dígí náà nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de ìpè. Ìgbà kẹta rèé láàárín oṣù méjì, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú u dé góńgó.

Nítorí àwọn ọmọdé ló ṣe ra ẹja òkun. Ọmọ tó bá ń wo ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eyín. Ẹni tó ń tọ́jú wọn ni àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Màámi ló ń pè é. Òun náà ló ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, á fi àwọ̀n kó àwọn ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á fi kànìnkànìn nu dígí, á pààrọ̀ omi iyọ̀, á sì dá wọn padà.

Onílà ló máa ń dà á láàmú jù. Ẹja kékeré dúdú ni, ìlà funfun mẹ́fà gba ara rẹ̀ láti ẹnu dé ìrù. Á sá sábẹ́ òkúta, á sá jáde, Màámi á máa lé e títí òógùn á fi bò ó.

"Ẹja yìí lágídí ju ìwọ náà lọ nígbà tó o wà lọ́mọdé," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Onílà dé, ẹja ńlá tí àwọn ọmọ ń pè ní Alága gbé e sẹ́nu, ó sì tu ú jáde lójú ẹsẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ni Alága ń jẹ. Alága wà lára àwọn mẹ́ta tó kú yìí. Onílà nìkan ló ṣẹ́ kù.

"Màámi, ọṣẹ lẹ fi fọ̀ ọ́."

"Mi ò fi ọṣẹ kàn án."

"Ìfófó ọ̀hún wá ńkọ́? Ṣé ọ̀run ló ti já bọ́ ni?"

"Mo ní mi ò fi ọṣẹ kàn án. Wo ọwọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti mú wọn tán ló máa ń ta mí báyìí."

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ ò wá rí i? Iṣẹ́ ọṣẹ nìyẹn."

Kì í ṣe ẹja ló ń dùn ún mọ́. Irọ́ ni. Obìnrin yìí kan náà ló nà án nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, torí pé ó lá ṣúgà, ó sì ní òun kọ́.

"Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ṣe é, kó tán."

"Ohun tí mi ò ṣe?"

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

Màámi wò ó títí.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ lówe yẹn," ó wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ṣeun, Dókítà."

Kò sọ "ẹ" fún un rí látọjọ́ tó ti ń pọ̀n ọ́n.

Ó mú àpò ọ̀rá kan. Ó kó ọṣẹ tó wà níbi ìfọwọ́, ó kó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó kó ọṣẹ lúbúlúbú tó wà lábẹ́ sínkì, títí kan èérún tó lẹ̀ mọ́ abọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

"Mo kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ máa fọ̀ ọ́ fúnra yín."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin. Màámi kò gbé e. Dókítà ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun lójú ọ̀nà, ó po omi iyọ̀ sínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé Onílà káàkiri abẹ́ òkúta. Ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìdajì wákàtí. Ó bú ẹja, ó bú àwọ̀n, ó bú ara rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọwọ́ lásán ló fi mú un, ó sì jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó kọjú sí dígí, ó ń nù ún. Ó ti pinnu pé bí Màámi bá wá bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun ò ní pariwo mọ́ wọn. Àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó sì yíjú padà láti fi omi ṣan án.

Ìfófó funfun ti bo ojú bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun náà, Onílà nìkan ló ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ rẹ̀, nínú ilé tí kò sí ẹyọ ọṣẹ kan.