Ọwọ́ Tó Wà Nínú Fóònù

Bàbá onílù ju ọ̀pá ìlù méjèèjì sórí tìmùtìmù tó fi ń dánra wò nílé. Ó ti sú u pátápátá. Láàárín ẹgbẹ́ olórin wọn, ara rẹ̀ a máa yá gágá, ṣùgbọ́n kéèyàn dá nìkan jókòó sí pálọ̀ kó máa lu tìmùtìmù, àfi bí ẹni ń bá ògiri tàkúrọ̀sọ.

“Olówó orí mi, ṣé ó tán nìyẹn?” Ìyàwó rẹ̀ tó ń din ẹyin ló ké láti ilé ìdáná. “Ọ̀la mà lẹ máa pàdé!”

“Ọwọ́ ò gbọ́ tèmi mọ́.”

Ó fa fóònù yọ, ó tan orin tó fi ká sílẹ̀ níbi ìdánrawò tó kọjá, ó sì fò ó dé àárín. Ìlù bú jáde, ó ń wọnú orin wẹ́rẹ́ bí omi tó wọ yanrìn. Orí bàbá wú. Òun mà nìyí! Ó gbé ọ̀pá, ó ń lù tẹ̀lé e, kò bá a dọ́gba. Ó tún un lù, ó tún ṣì í.

Orin dáwọ́ dúró. Ohùn olórí ẹgbẹ́ rọra jáde nínú fóònù: “Tètè dá ọ̀pá padà sáyè ẹ̀. Bàbá onílù ti ń ti ilé ìtọ̀ bọ̀.”

“Ẹ ò ní sọ fún wọn pé èmi ni mo lù ú ni?” Ọmọbìnrin tó máa ń lu agogo nìyẹn.

“Ẹnu ta ni wọ́n á ti gbọ́ ọ?”

“Hẹ̀n-ẹ́n!” ìyàwó rẹ̀ pariwo láti ìdí epo. “Ẹ ò rí i bó ṣe dùn tó? Ẹ tún un lù!”

Bàbá onílù gbé ọ̀pá lé itan. Ó tún tẹ fóònù náà.