Orúkọ Lára Apá

Ọlọ́pàá kan ń lu ilẹ̀kùn Màmá Odile bí ẹni tó fẹ́ wó o, òjò sì ń na òun náà lẹ́yìn.

“Màmá, ẹ jáde! Rédíò ní ìjì náà ti fi Texas sílẹ̀, erékùṣù yìí ló kọjú sí.”

Ìyá arúgbó náà ṣílẹ̀kùn díẹ̀. “Jẹ́ kó máa bọ̀. Ṣé ilé bàbá ẹ ló fẹ́ wó ni?”

“Olóríkunkun!” Ọlọ́pàá náà ju máákà sí i lẹ́sẹ̀. “Ẹ kọ orúkọ yín sápá, ká lè dá òkú yín mọ̀.”

Màmá Odile fara balẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ohun tó wà lẹ́yìn ọlọ́pàá ló ń wò. Ọlọ́pàá náà bojú wẹ̀yìn. Afárá kan ṣoṣo tó wọ erékùṣù náà ti bá omi lọ, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń léfòó.

Màmá na máákà sí i.

“Ó yá, ká apá ẹ̀wù ẹ sókè.”