Gílóòbù Abẹ́ Ìtàgé

Ilẹ̀kùn pa dé gbàgà lẹ́yìn Mọ̀nàmọ́ná, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọbìnrin tó ń tan iná eré. Ó rò pé pákó tí òun fi dá a dúró ló yẹ̀. Irú ilẹ̀kùn yẹn sì rèé, bó bá ti dé, kọ́kọ́rọ́ ìta nìkan ló ń ṣí i.

Plọ́ọ̀gì ló wá mú ní yàrá abẹ́ ìtàgé. Ẹ̀rọ tó ń dín iná kù ti gbó, ihò roboto ló wà lára rẹ̀. Àwọn iná tuntun sì dé pẹ̀lú plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ onígun mẹ́rin. Wọ́n ti fi oníroboto pààrọ̀ wọn, ó ku ẹyọ kan.

"Sáré lọ mú oníroboto kan wá nísàlẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wí, nígbà tí eré kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. "Màá bá ẹ dúró ti bọ́tìnì." Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó mọ yàrá yẹn bí ẹní mowó.

Ọ̀gá àgbà ti sọ ọ́ fún wọn: bí Mọ̀nàmọ́ná bá ṣe iná eré yìí dópin láìṣàṣìṣe, òun ni olórí oníná, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ò fapá jánú. Ó ní, "Ire tìẹ ni tèmi náà."

Mọ̀nàmọ́ná gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ ń ta á. Ta ní máa gbọ́? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń ké lókè, fóònù rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ló bá rí gílóòbù àtijọ́ tó ń tàn lára ògiri. Iná ìgbàlódé fúyẹ́ jù fún ẹ̀rọ náà. Bí wọn ò bá so gílóòbù àtijọ́ kan mọ́ ọn, ṣe ni iná orí ìtàgé á máa ṣẹ́jú lójú èrò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi èyí pa mọ́ síbẹ̀.

Ó yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Yọ, kì, yọ, kì. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, àmì òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn: wá gbà mí.

Gílóòbù náà kọ́kọ́ ń tàn geere. Lẹ́yìn náà ó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kú, ó tún tàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dáhùn lókè: mo ti rí i.

Omi lé ròrò lójú Mọ̀nàmọ́ná. Ó dára kéèyàn ní ọmọ ìyá. Ó jókòó sórí ìdì wáyà, kò sì fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì náà mọ́, kó má baà ba iná jẹ́ fún un. Eré ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kò tíì ráyè ni, ẹni tó wà nídìí bọ́tìnì kì í kàn dìde.

Àtẹ́wọ́ sọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gba àárín pákó òkè wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dá ọ̀gá àgbà lóhùn: "Ẹ má bínú sí i, mà, ẹ̀rù iṣẹ́ náà ló bà á, ó ti relé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ni mo ṣe iná yìí dópin."