Ayàwòrán Tó Fẹ́ Labalábá Tí Kò Fẹ́ Kòkòrò

Ọkùnrin ayàwòrán kan wà tó fẹ́ràn ẹwà, ṣùgbọ́n tó kórìíra gbogbo ohun tó ń bí ẹwà. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí. Ìwàǹwára ni àrùn tirẹ̀, irọ́ sì ni oògùn tó máa ń lò sí i. Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ làwọn èèyàn ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn, ìbáà ṣe ẹni tí eyín ń dùn.

Nígbà tó di pé tọmọdé tàgbà ń fi fóònù ya ara wọn, iṣẹ́ Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn. Aṣọ tó máa ń ta sẹ́yìn oníbàárà, èyí tí wọ́n ya òkun sí, ti ṣá débi pé òkun ọ̀hún dà bí omi tí wọ́n fi fọ ṣòkòtò. Ó wá gbọ́ pé ibi tí òdòdó àti labalábá wà làwọn ìyàwó tuntun ń wá láti ya fọ́tò. Ẹ̀yìnkùlé ìsọ̀ rẹ̀ kò ní ju àga tó ti kán àti agolo ọ̀dà lọ. Ló bá sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ilẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Màá bá ọ gbìn ín," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fín oògùn kankan síbẹ̀. Labalábá kì í já bọ́ láti ọ̀run. Kòkòrò ló kọ́kọ́ ń jẹ́. Kòkòrò ọ̀hún á jẹ ewé rẹ yó, á wọ inú àpò kékeré kan, á sùn, kó tó jí pẹ̀lú ìyẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí wọ́n jẹ ewé, kí wọ́n jẹ ẹ̀ka mọ́ ọn!"

Ẹ̀gbọ́n kó àwọn àga dànù. Ó kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹyin àti ewé gbígbẹ jọ sí igun kan títí wọ́n fi jẹrà di ilẹ̀dú, ó sì fi bọ́ ilẹ̀. Ó gbin òdòdó tí labalábá ń mu omi dídùn inú rẹ̀, ó tún gbin èyí tí àwọn ọmọ wọn lè jẹ ewé rẹ̀. Kó tó ṣe tán, Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ti gbé pátákó síta: ỌGBÀ LABALÁBÁ. KÒ SÍ OÒGÙN, KÒ SÍ MÁJÈLÉ.

Labalábá díẹ̀ yọjú, wọ́n yé ẹyin, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò pẹ́ tí kòkòrò onírun fi bo ọgbà. Wọ́n jẹ ewé títí ó fi dà bí aṣọ tí eku jẹ. Oníbàárà kan yọjú wò ó, ó ní ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ń sìn níbẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ figbe ta, "àwọn alájẹkì yìí ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀!"

"Fara balẹ̀. Gbogbo ọmọ tí mo fi ọwọ́ yìí gbà, kò sí èyí tí mo fà jáde torí pé bàbá rẹ̀ ń kánjú. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ọ̀rọ̀ náà wọ etí ọ̀tún, ó gba tòsì jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ra oògùn apakòkòrò, ó fín in láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kòkòrò ń já bọ́ bí èso tó pọ́n. Ó gbá wọn dànù, ó ń súfèé. Nígbà tó yá, ewé tuntun yọ, ó sì ń dán.

Ẹ̀gbọ́n padà dé, ó lóṣòó sáàárín ewé.

"Àbúrò mi, àwọn kòkòrò dà?"

"Ẹyẹ ló jẹ wọ́n."

"Gbogbo wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ebi ń pa ẹyẹ ọ̀hún gan-an ni."

"Ẹyẹ wo ló jẹun tó báyìí tí kò yàgbẹ́ sílẹ̀?"

Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ní ẹyẹ ọmọlúàbí ni.

Ọgbà ń dán, ṣùgbọ́n labalábá kankan kò yà síbẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó tuntun kan dé, òun àti ìyá rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ lásán, àgbàlagbà á tún bọ́tìnnì ṣe. Ìyá ní labalábá ló gbé àwọn wá. Dípò kí Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ sọ òtítọ́, ó ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ náà, ó po ṣúgà mọ́ omi títí ó fi ki, ó dà á sára òdòdó, bóyá labalábá á gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ó tún wọ́n ọn sára ìbòrí ìyàwó àti gèlè ìyá rẹ̀.

"Lọ́fínńdà ni, mà. Ó máa ń jẹ́ kí fọ́tò dán."

Labalábá tó bá dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya. Agbọ́n tó ń gbé abẹ́ òrùlé ìsọ̀ gbọ́ òórùn ṣúgà, wọ́n sì wá tìlùtìfọn. Ìyá ìyàwó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí èyí àkọ́kọ́ ta á létè. Ọkọ ìyàwó fẹ́ sá, wọ́n ta á nídìí, ìdúró ló fi ṣe gbogbo ìgbéyàwó ọjọ́ náà. Ìyàwó ṣí ìbòrí, ó jù ú sílẹ̀, orí Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ló bà lé, tòun ti agbọ́n inú rẹ̀. Bó ṣe ń fò sókè sódò, kámẹ́rà rẹ̀ já lulẹ̀, ó fọ́. Ojú rẹ̀ tó fi ń wo kámẹ́rà sì wú bí búrẹ́dì.

Ìyá ìyàwó dúró lé e lórí. Ètè rẹ̀ tó wú kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

"Ọ̀fẹ́ni, lafaláfá dà?"

Ẹ̀gbọ́n, tó wá kí ìyàwó, sáré lọ wá abọ́ omi tútù tí wọ́n máa fi tu ojú ibi tí agbọ́n ti ta wọ́n. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti rí ike oògùn apakòkòrò, tó ti gbẹ fúrúfúrú. Ó gbé e síta níwájú gbogbo wọn.

"Ẹyẹ ọmọlúàbí rẹ nìyí?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ti fi fóònù ká gbogbo eré náà sílẹ̀, kò sì sí ìyàwó kankan tó tún gba ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ kọjá láìfọwọ́ bo orí.

Ẹ̀gbọ́n gbin irú ọgbà náà sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Kòkòrò jẹ ewé, ẹ̀gbọ́n kò bá wọn jà. Nígbà tí òjò mìíràn dé, labalábá bo ọgbà rẹ̀ pìtìmù, àwọn ìyàwó sì ń tò síbẹ̀, àwọn àti ayàwòrán mìíràn. Ní ti Rẹ́rìn-ín-díẹ̀, kámẹ́rà àlòkù kan ló ń lò báyìí. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà nìkan ló ń yà, níwájú ògiri funfun. Àwọn tó ń yà kì í sì í rẹ́rìn-ín, òfin ìwé ìrìnnà ò gbà wọ́n láyè.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó bá ń fẹ́ ohun tó dára gbọ́dọ̀ lè fara da ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó rí jákujàku, nítorí ẹni tó pa kòkòrò ti pa labalábá, kò sí iye ṣúgà tó lè jí i dìde. Irọ́ tí a fi bo ìwàǹwára mọ́lẹ̀ kò lè pẹ́ kó tó ta wá lójú. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù fún ilẹ̀, fún ọmọ àti fún iṣẹ́ ọwọ́ wa, ká má sì ṣe da májèlé síbi tí a ti ń retí ìyè.