Egungun Ẹja Há Bàbá Japhet Lọ́rùn

Ẹ gbà mí o, egungun ẹja ti há ọkọ mi lọ́rùn!

Ọrùn rẹ̀ wú síwájú bí ẹni gbé odidi ọsàn mì.

Gbogbo Ìlàjẹ ti kún yàrá wa ní Bàrígà.

Ìyá rẹ̀ ń ki òkèlè ẹ̀bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Má jẹ ẹ́ lẹ́nu o! Gbé e mì, kó ti egungun náà lọ!"

Àbúrò rẹ̀ da àwọ̀n bò ó lórí. Ó ní àwọ̀n ló mú ẹja náà, àwọ̀n náà ni yóò fa egungun rẹ̀ jáde.

Èmi ti di Sabina, orogún mi, láṣọ mú. Òun ló se ẹja àná.

"Ẹja tí mo sè ò légungun!" Sabina ń pariwo.

Ológbò wa tó sanra bí ìrọ̀rí ń sùn lábẹ́ tábìlì ní tirẹ̀.

Àwa àti ìyá ọkọ wa gbé e tòun tàwọ̀n lọ bá dókítà l'Ónípanu.

"Bàbá, ẹja wo lẹ jẹ?"

Ọkọ mi wolẹ̀.

"N kì í jẹ ẹja mọ́. Inú máa ń rìn mí sí i látìgbà tí wọ́n ti là mí níkùn. Ológbò ni mò ń jù ú sí. Ojú ń tì mí ni, apẹja ni mí."

Èmi àti Sabina bú sẹ́rìn-ín.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n là yín níkùn fún?"

"Wọ́n yọ kíndìnrín mi kan. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ó ti tán."

Dókítà rọra ṣí àwọ̀n náà kúrò, ó tún fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé kò tán, Bàbá. Ó jọ pé òun ló gòkè wá síbí."

Ìyá rẹ̀ ṣì mú òkèlè kan lọ́wọ́.

"Dókítà, kí ni kó wá gbé mì báyìí?"