Ẹni Tó Yí Irin Ẹ̀rọ Ayùn Nítorí Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ tún ka ìka ọwọ́ yín. Bó bá pé, ẹ dúpẹ́.

1.
Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà, káfíńtà làwọn méjèèjì. Nígbà tí bàbá wọn kú, ó fi ẹ̀rọ ayùn kan sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àti pákó ńlá kan tó ti gbẹ dáadáa. Ó ní ibùsùn ìyá wọn ni kí wọ́n fi pákó náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n ló gba iṣẹ́ yẹn. Ó ní òun máa ṣe é lọ́la. Ọ̀la náà pẹ́ díẹ̀. Ìyá ṣì ń sùn lórí ibùsùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti bíríkì kan.

Ṣé-O-Mọ̀-Mí ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n, torí gbólóhùn yẹn ló fi ń kí àlejò. Àbúrò ń jẹ́ Wọ̀n-Ọ́n-Wò. Ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí téèpù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò nílò téèpù ní tirẹ̀. Ojú ló fi ń wọn nǹkan. Ojú náà máa ń ṣì í, ṣùgbọ́n kì í tọrọ àforíjì.

2.
Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ni ilé ìtura òdìkejì ọjà wọlé. Àwọn ilẹ̀kùn kan ló fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe. Ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n, ó lọ bá àbúrò.

"Màdáámù, èmi ni ọ̀gá níbí," ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ṣe ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí gbágungbàgun bí eyín ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín. Ewúrẹ́ ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé láì kanlẹ̀kùn."

Gbogbo ẹni tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní ó rẹ́rìn-ín sínú.

"O máa rí i," ó sọ fún un. "Láti òní lọ, má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bó o bá rí iná lára aṣọ mi, pa ẹnu ẹ mọ́!"

3.
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe káfíńtà. Bí a bá fẹ́ la pákó ní òòró kó sì gún, irin gbọọrọ kan wà lórí tábìlì ẹ̀rọ tí pákó máa ń fara tì lọ sẹ́nu ayùn. Irin yẹn àti ayùn gbọ́dọ̀ wà lọ́gbọọgba: àlàfo iwájú bí àlàfo ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn irin bá jìnnà sí ayùn, pákó á yà bàrá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́. Bó bá sún mọ́ ọn jù, pákó á há sáàárín irin àti ayùn, ayùn á sì jù ú padà sára ẹni tó ń tì í. Kì í béèrè bóyá o jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí àbúrò lọ jẹun ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n tú bóòtù, ó fi òòlù gbá ẹ̀yìn irin náà jìnnà sí ayùn díẹ̀. Kò fẹ́ pa á. Kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí pákó ilẹ̀kùn obìnrin yẹn bàjẹ́, kí ojú ti ọmọ ìyá rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ó lọ jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ lódìkejì títì, ó ń dúró de ẹkún.

Kò pẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í han.

"Ṣé ẹ gbọ́ orin yẹn?" ó bi onígbàjámọ̀. "Orin ìsìnkú ni."

4.
Ohun tí kò mọ̀ ni pé àbúrò rẹ̀ kì í wọn pákó nìkan, ó máa ń wọn ẹ̀rọ náà. Kó tó tan iná sí i, ó fi téèpù kan iwájú, ó fi kan ẹ̀yìn, ó rí i pé irin ti yẹ̀. Ó tún un ṣe, ó la gbogbo pákó, wọ́n gún bí òwú tí a ta. Ó kó wọn sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó sì fi ọ̀rá bò wọ́n nítorí òjò. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irin ẹ̀rọ yẹn, mo ti..."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Kó ìdọ̀tí ẹ, kó o máa lọ!"

Àbúrò ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìtura.

Inú ẹ̀gbọ́n dùn débi pé ó rántí ibùsùn ìyá rẹ̀. Ó lọ mú ìyá wá láti ilé, ó fún un ní àpótí kó jókòó. "Màmá, ẹ máa fojú yín rí i lónìí." Ó gbé pákó bàbá wọn kalẹ̀. Ó rántí irin tó yí. Bó ṣe gbá a lọ náà ló gbá a bọ̀. Ó fojú wò ó. Ojú ní ó dáa.

"Ọmọ mi, ṣé o ò ní wọ̀n ọ́n ni?"

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Pákó wọlé dé ìdajì, èéfín yọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di dúdú. Kàkà kó pa ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ lásán tì í gidigidi. Igi tí wọ́n fi ń ti pákó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ti ọmọdé ni. Pákó fò padà, ó gbá a níkùn, ọwọ́ rẹ̀ já lé ayùn. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, èyí tó fi ń nàka sí àbúrò rẹ̀, bá lẹ́búlẹ́bú igi lọ.

5.
Lọ́jọ́ tó ti ọsìbítù dé, ó gba iwájú ilé ìtura kọjá. Ó rí àwọn ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó wọ́. Ibẹ̀ ló ti yé e. Ó sáré wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ìyá wà lórí ibùsùn tuntun tí àbúrò fi ìyókù pákó bàbá wọn kàn, àbúrò sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo fẹ́ pa mí!" ó pariwo mọ́ àbúrò. "O tún irin yẹn ṣe, o ò sọ fún mi!"

"Mo fẹ́ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí n má bá yín sọ̀rọ̀."

Ìyá gbé orí sókè. "Ó tún un ṣe? Ta ló bà á jẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ láti nàka sí àbúrò rẹ̀. Kò sí ohun tó nà.

Ìyá fọwọ́ pa ibi tí iná ayùn ti sun pákó náà dúdú, lókè orí rẹ̀. "Àbúrò rẹ fẹ́ fá a kúrò. Mo ní kó fi sílẹ̀. Láti òní lọ, bí mo bá jí láràárọ̀, màá máa rí ohun tí o fẹ́ ṣe sí ọmọ mi."

Ó kọjú sí ògiri, ó sùn. Ibùsùn náà ò dún rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra. Bí ọmọ ìyá yín bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú u, ẹ rojọ́ rẹ̀ fún onígbàjámọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan irin. Bí ẹ bá fẹ́ la pákó, ẹ wọn iwájú, ẹ wọn ẹ̀yìn, ẹ fi igi tì í. Ìka kì í hù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní àbúrò. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: àfọ̀tẹ̀ṣe kì í gún, àfìmọ̀ṣe kì í bàjẹ́.