Ọsàn Wẹ́wẹ́ Lórí Òkúta Mábù

Obìnrin kan wà ní àdúgbò Kokomlemle tí kì í gba ìmọ̀ràn. Tinúkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Mojíbọ́lá, tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Kaneshie, ló gbà á sílé, ó sì ti ṣèlérí pé bí Àjíǹde bá dé, òun yóò fi ìsọ̀ òun lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí Ìyá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó fọwọ́ pa tábìlì òkúta mábù tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀. Dídán rẹ̀ ti ń ṣá.

"Omi àti aṣọ rírọ̀ nìkan o, Tinúkẹ́. Kwabena tó ń bá mi dán an ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Ọjọ́bọ̀ jìnnà lójú Tinúkẹ́. "Kí ni Kwabena fẹ́ ṣe tí ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè ṣe? Ṣebí òun la fi ń fọ idẹ nílé wa." Ó la ọsàn mẹ́ta, ó fi ra òkúta náà, ó da ojú wọn dé sórí rẹ̀, ó lọ jẹun.

Ó padà wá nù ún. Omi kíkan ti jẹ òkúta. Ó funfun bí ètè ẹni tó ń gbààwẹ̀, òrùka mẹ́fà sì yọ lójú rẹ̀. Ó fi òróró pa á, òrùka kò lọ. Ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà kí Ọlọ́run bá òun bò ó ni.

Lọ́jọ́bọ̀, Kwabena kanlẹ̀kùn. Tinúkẹ́ ba sẹ́yìn àga.

"Sístà, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín. Bó ti wù kí tábìlì náà bàjẹ́ tó, màá fi omi lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, á tún dán."

Tinúkẹ́ ò ṣílẹ̀kùn. Kwabena lọ.

Ìyá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. "Ta ló ṣe èyí?"

Tinúkẹ́ dáhùn: "Kwabena ni, mà. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló jẹ ẹ́."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìyá ránṣẹ́ pe Kwabena. Kwabena dé, ó kúnlẹ̀, ó fìka tọ òrùka kan, ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó mú ọsàn kan, ó là á, ó gbé e lé òrùka náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ìyá kò pariwo. "Tábìlì ṣeé lọ̀, Tinúkẹ́. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tí o fẹ́ bà jẹ́ ńkọ́? Lọ di ẹrù rẹ."

Bó ti ń gbẹ́rù jáde, ó ń gbọ́ ọwọ́ Kwabena lórí òkúta náà, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, tó ń pa òrùka rẹ́. Nígbà tí Àjíǹde dé, ẹlòmíràn ló ń ṣí ìsọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́run. Àṣìṣe wa dà bí òkúta tó ṣá: sùúrù àti ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ lè dá ẹwà rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tilẹ̀kùn mọ́ olùtúnṣe, tó sì di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀, ara rẹ̀ ló tì síta.